Agbádá Bàbá Ìyàwó: Oje Kajú, Omi Bóhóòlù àti Òwú Tó Ṣí

Agbádá gínì funfun ni, òun àti ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ àti ṣòkòtò. Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, ó bo àpò ńlá iwájú, díẹ̀ sì tún yọ sẹ́yìn. Maṣíìnì ni wọ́n fi ṣe é. Òwú wáìnì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òwú dídán aláwọ̀ wúrà ni wọ́n sì fi gba etí rẹ̀ yí ká. Láti ìlú Ìyàrá ni wọ́n ti gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi ní Kàbà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n dì í sí. Bí alágbàfọ̀ bá ti rí aṣọ funfun nínú ọ̀rá dúdú, ó ti mọ̀ pé ẹjọ́ ló ń bọ̀.

Ìyá ìyàwó fúnra wọn ló gbé e wá.

"Okun o, ọmọ mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Okun o, Màmá. Ẹ kú ìnáwó."

"Ìnáwó ti parí. Ẹjọ́ aṣọ ló kù."

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ aṣọ yìí sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé lọ́dọọdún, láti nǹkan bí oṣù Kejì títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, irú rẹ̀ kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Àsìkò kajú ló bọ́ sí àsìkò ìgbéyàwó Àjíǹde nílẹ̀ wa, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún àgbàlagbà pé kó má jẹ kajú nínú agbádá. Màmá ti gbà kí n kọ ọ́, wọ́n ní kí n ṣá má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi

Lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà padà sí agbo ilé, wọ́n jókòó sábẹ́ igi kajú. Ẹnì kan já kajú pupa, ó ṣàn án, ó gbé e fún bàbá ìyàwó. Bí Bàbá ṣe gé e jẹ, oje dà sí wọn láyà, ó kan ẹ̀gbẹ́ àpò. Wọ́n fi áńkáṣífù nù ún. Nígbà tó gbẹ, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan mọ́, torí oje kajú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i kó tó máa pọ́n, kó máa rẹ́sú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò Bàbá obìnrin, Àǹtí kan tó ti Àbújá wá fún ìnáwó, ní kí wọ́n kó aṣọ ẹ̀gbọ́n òun wá kí òun bá wọn fọ̀ ọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n bu omi bóhóòlù ilé sínú báfù, wọ́n da omi gbígbóná lé e, wọ́n bu ọṣẹ ẹlẹ́búlúbú sí i dáadáa, wọ́n rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbàwọ́n dúdú ti là sí àyà agbádá, àwọ̀ wáìnì sì ti ràn sí ara funfun. Àǹtí fi ọṣẹ líle gbo ojú àbàwọ́n náà; ṣe ló túbọ̀ ń dúdú. Wọ́n rán ọmọ ní búlíìṣì, wọ́n dà á lé e ní ògidì. Dúdú náà rọ̀ díẹ̀ láàárín, etí rẹ̀ wá yọ ìyeyè, òwú wáìnì tó wà nítòsí sì ṣá mọ́ wọn lójú. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà pé kí wọ́n ṣan án, wọ́n sì sá a sórí okùn nínú òòrùn. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé rí i pé ọrùn agbádá ti ká jọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ojú iṣẹ́ náà kó lè nà.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò dá Àǹtí dúró nígbà tó kan búlíìṣì. Wọ́n wò mí. "Ọkọ mi ni, ọmọ mi. Ṣé kí n wá máa kígbe mọ́ ọkọ mi nígbà tí àwọn àna ṣì wà nínú ilé?"

Mi ò bi wọ́n ní ìyẹn mọ́. Ohun tí mo tún béèrè ni pé ṣé oje èso kajú ló dà sí aṣọ náà, àbí omi inú èèpo hóró rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Èyí tó wà nínú èèpo hóró jẹ́ epo tó ń bó ọwọ́ ẹni tó bá ń fọ́ kajú láìwọ ìbọ̀wọ́, bí epo ni a sì ń tọ́jú àbàwọ́n rẹ̀. Oje èso kì í ṣe epo rárá. Wọ́n ní èso ni.

Ohun tí mo rí

Mi ò tíì fi omi kàn án. Mo gbé e síta níbi tí ojúmọ́ wà, mo tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí tábìlì, mo yí agbádá náà sódì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti inú. Inú ni aṣọ oníṣẹ́ ti ń sọ òótọ́.

Lójú tèmi, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ so pọ̀, ìwà wọn ò sì bára mu. Gínì tó jẹ́ ara agbádá jẹ́ òwú inú oko tí wọ́n hun ọ̀nà sí lára, tí wọ́n sì mú le kó lè máa dán. Ó lè fara da omi gbígbóná, ó lè fara da ọṣẹ líle, àmọ́ ó máa ń súnkì nígbà àkọ́fọ̀ bí wọn ò bá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó gé e. Òwú iṣẹ́ ọnà kì í sábà jẹ́ òwú oko. Réyọ́ọ̀nù ni tàbí pólísítà. Ìkẹta ni síté, ohun líle funfun tí oníṣẹ́ ọnà máa ń fi sẹ́yìn kí maṣíìnì má baà fa aṣọ jọ. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá àyà agbádá yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn tó bá ti fojú kan omi. Èyí tí wọ́n lò níbí kò súnkì. Gínì súnkì, iṣẹ́ tó kún dẹ́dẹ́ lórí síté kọ̀ láti bá a lọ, ni ọrùn bá ká jọ. Áyọ́ọ̀nù kò lè yanjú irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Mo já òwú wáìnì kékeré kan tó yọ lẹ́yìn, mo fi iná kàn án. Ó jó, ó di eérú: réyọ́ọ̀nù ni. Ká ní pólísítà ni, yíyọ́ ni ì bá yọ́, kó dì di kókó líle. Réyọ́ọ̀nù máa ń dán dáadáa, ó rọ̀ lójú abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ máa ń dín kù gan-an nígbà tó bá tutù. Ẹni tó bá fún agbádá réyọ́ọ̀nù bí ẹni fún ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mọ́ín-mọ́ín yóò rí i pé òwú ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Mo já òwú mìíràn, mo fi í sáàárín aṣọ funfun méjì tó tutù, omi lásán, kò sí ọṣẹ níbẹ̀. Mo gbé nǹkan wúwo lé e. Nígbà tí mo ṣí i, òwú náà ti fi ara rẹ̀ ya àwòrán pupa sórí funfun. Mo pe Màmá kí wọ́n wá wò ó, torí mi ò fẹ́ kí gbogbo ẹ̀bi wọ ọrùn Àǹtí. Òwú yìí ì bá ṣí nínú omi tútù bákan náà. Omi gbígbóná, ọṣẹ tó pọ̀ àti òru gbogbo nínú báfù kàn mú kó yá ni. Ẹni tó rán òwú aláwọ̀ líle mọ́ aṣọ funfun láìdán an wò nínú omi ló kọ́kọ́ jẹ gbèsè.

Àbàwọ́n dúdú náà ló gba àkókò mi jù, torí kajú kì í dá ṣe dúdú báyẹn. Oje kajú ní ohun kan tó máa ń há ọ̀fun ẹni tó bá jẹ ẹ́, tánínì ni orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú obì, ó wà nínú ewé tíì, ó wà nínú èèpo ọ̀pọ̀ igi. Bí tánínì bá pàdé irin nínú omi, dúdú ni wọ́n máa ń dì. Irin àti tánínì yìí náà ni wọ́n fi ṣe yíǹkì ìkọ̀wé ní Yúróòpù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, èyí tí wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn àti ìwé ìtàn tí kò pa rẹ́ títí dòní. Nínú báfù ní Ìyàrá, yíǹkì ni wọ́n pò sí àyà Bàbá láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní láti rí irin náà kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kogi tí a wà yìí kì í ṣe àjèjì sí irin: òkè Agbájà wà ní ìhà Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́bàá Lọ́kọ́jà, Itakpe náà ò jìnnà, òkúta irin ni wọ́n fi mọ ibi méjèèjì. Ìyẹn ò sọ pé gbogbo bóhóòlù ló ní irin. Bóhóòlù méjì lè wà ní àdúgbò kan kí ọ̀kan mọ́, kí èkejì máa pọ́n. Mo ní kí wọ́n fi ike tó mọ́ gbé omi ilé wọn wá. Ó mọ́ gaara nígbà tó dé. Mo sè tíì tó nípọn láìfi mílíìkì sí i, mo bu díẹ̀ sínú omi náà, mo bu díẹ̀ sínú píọ̀ wọ́tà. Èyí tó wà nínú píọ̀ wọ́tà pọ́n bí tíì ṣe ń pọ́n. Ti bóhóòlù ṣókùnkùn. Mo da èyí tó kù sínú korobá funfun, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ pupa ti sùn sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ṣe méjèèjì nílé, kò ná ju tíì kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo nǹkan tó kù wá yé mi. Ọṣẹ líle máa ń mú kí tánínì túbọ̀ dúdú, ìdí nìyẹn tí gbígbo náà fi bà á jẹ́ sí i. Búlíìṣì lè ba àwọ̀ jà, kò lè mú irin kúrò; ṣe ló ń sọ irin inú omi di ìdógùn-ún lórí aṣọ, òun ni ìyeyè tó yọ létí àbàwọ́n. Ní ti òwú wúrà, ike tín-ín-rín tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò ni. Búlíìṣì ti mú dídán rẹ̀ lọ. Áyọ́ọ̀nù tí a gbé sí ìwọ̀n òwú oko sì máa ń gbóná tó nǹkan bí 200 dígírì. Ike ò lè dúró níwájú ìyẹn. Ó ti súnkì, ó ń gún ọwọ́.

Ohun tí mo ṣe

Mo sọ fún Màmá àti Bàbá ṣáájú pé àbàwọ́n dúdú yóò lọ, ìyeyè yóò lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú pupa yóò lọ, àmọ́ òwú wáìnì tí búlíìṣì ti jẹ kò ní padà láéláé, òwú wúrà náà kò ní padà. Kò sí ọṣẹ tó ń dá àwọ̀ tí búlíìṣì bá ti pa padà.

Búlíìṣì ni mo kọ́kọ́ lé jáde. Mo mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni màá lò lẹ́yìn náà, ó sì léwu gidigidi kí ọsàn tàbí fínígà pàdé búlíìṣì: afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára wọn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú bálùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Bí òórùn búlíìṣì bá ṣì wà lára aṣọ, ẹ má tíì gé ọsàn. Mo rẹ agbádá náà sínú omi tútù lásán, mo pààrọ̀ omi, mo tún pààrọ̀ rẹ̀, títí tí imú mi àti imú ìyàwó mi kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Omi wo? Omi òjò ni ì bá dára jù, kò ní irin nínú, ọṣẹ sì ń hó dáadáa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, àkọ́rọ̀ òjò lórí páànù tó ti dógùn-ún sì tún ń gbé irin tirẹ̀ bọ̀. Ó yẹ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé kí a tó gbé korobá síbẹ̀. Píọ̀ wọ́tà ni mo rà. Àpò kan ní ọ̀rá 20, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, ìyẹn lítà 10. Àwọn kan rẹ́rìn-ín mi pé mo ń fi omi mímu fọ aṣọ. Owó àpò píọ̀ wọ́tà kò ra ọrùn agbádá.

Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́, mo sẹ́ ẹ kí ẹran rẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo na ojú àbàwọ́n náà sórí abọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, mo ń fi òwú tí a fi ń nu egbò kán oje náà sí i díẹ̀díẹ̀, kó lè máa ti àbàwọ́n náà síwájú sínú abọ́ dípò kó máa tì í wọ inú aṣọ. Inú ibòòji ni mo ti ṣe é. Mi ò jẹ́ kó gbẹ, mo ń ṣan án, mo ń tún un kán. Dúdú di eérú, eérú di rírẹ́sú bí omi tíì. Ìyeyè ìdógùn-ún náà bá a lọ, torí ọsàn máa ń di irin mú, omi ló sì ń gbé e jáde.

Màmá jókòó tì mí. "Ṣé ẹ ò ní bu iyọ̀ sí i? Iyọ̀ kọ́ ló ń di àwọ̀ mú ni?"

Mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọsàn àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń yọ ìdógùn-ún lára aṣọ funfun lásán, ìyẹn dáa. Aṣọ yìí kì í ṣe funfun lásán. Iyọ̀ kì í di òwú tó ń ṣí mú. Oríṣi àwọ̀ kan wà tí wọ́n ń fi omi gbígbóná pa, iyọ̀ ni wọ́n sì ń bù sí i kí àwọ̀ lè fi omi sílẹ̀ kó wọ inú òwú. Bí wáìnì bá ti wà nínú báfù pẹ̀lú gínì funfun, ibo ni iyọ̀ yóò lé e lọ? Màmá ní, "Háà! Àfi ká jẹ́ kí iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ o."

Rírẹ́sú tó ṣẹ́ kù ni mo fi hydrogen peroxide mú, èyí tí kẹ́míìsì ń tà fún egbò, tí wọ́n kọ 3% sí lára ìgò rẹ̀. Mo kán an sí ara funfun nìkan, mi ò jẹ́ kó kan òwú. Ìdí tí mi ò fi kọ́kọ́ lò ó ni pé bí irin bá ṣì wà lára aṣọ, irin àti peroxide a máa bá òwú oko jà, wọ́n lè jẹ ẹ́ ní ihò tín-ín-tìn-tín tí ẹ kò ní rí àfi nígbà tí aṣọ náà bá gbẹ. Irin ni kó kọ́kọ́ jáde.

Pupa tó ràn ló kù. Omi tútù, ọṣẹ olómi tó rọ̀ díẹ̀, tówẹ̀lì funfun àtijọ́ nínú báfù kan náà kí àwọ̀ tó bá ń fò lè rí ibòmíràn bà sí. Mo ń gbé aṣọ náà sókè sódò, mi ò gbo ó. Bí omi bá ti pọ́n, mo dà á nù. Mi ò jẹ́ kó gbẹ láàárín, torí àwọ̀ tó bá ti gbẹ mọ́ aṣọ máa ń lágídí, èyí tí wọ́n bá sì ti lọ áyọ́ọ̀nù lé lórí burú jù ú lọ. Àyà àti ẹ̀yìn mọ́. Abẹ́ apá òsì, níbi tí agbádá ti ṣẹ́po nínú báfù lóru, ṣì ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan, ojú ibi tí áyọ́ọ̀nù ti kọjá ni. Mo fi í sílẹ̀. Bí mo bá tún ṣe é, òwú ni màá máa fọ̀, kì í ṣe àbàwọ́n.

Mi ò fún un. Mo tẹ́ tówẹ̀lì gbígbẹ, mo tẹ́ agbádá lé e, mo ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní, mo tẹ̀ ẹ́ kí omi wọ inú tówẹ̀lì. Mo sá a sórí ẹní nínú ibòòji. Agbádá tó tutù wúwo. Bí ẹ bá gbé e kọ́ okùn ní èjìká, iṣẹ́ ọrùn ni yóò ru gbogbo ẹrù náà, yóò sì wọ́. Kó tó gbẹ tán, mo dojú iṣẹ́ dé tówẹ̀lì tó nípọn, mo fi ọwọ́ na ọrùn rẹ̀ títí ó fi tẹ́, mo fi píìnì dè é yí ká, mo tẹ́ aṣọ tútù lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo wá ń gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lé e, mo ń gbé e kúrò. Gbígbé ni o, kì í ṣe wíwọ́. Kíká náà kò lọ tán, àmọ́ ẹni tó bá dúró ní iwájú Bàbá kò ní rí i.

Sítáàṣì gbágùúdá díẹ̀, tí mo sẹ́, ni mo fi dá líle padà sí ara gínì. Mi ò fi sí ojú iṣẹ́. Sítáàṣì tó bá gbẹ sáàárín òwú á máa yọ funfun níbẹ̀, èèrà àti aáyán náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Àwọn aṣọ tó kù nílé

Nígbà tí Màmá rí i pé agbádá ń padà bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn aṣọ oníṣẹ́ tó wà nínú àpótí wọn fún mi. Agbádá sányán kan wà tí bàbá ọkọ wọn fi sílẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kóṣẹ́ sí i. Mo ní kí wọ́n má fọ ìyẹn rárá nílé. Ara kòkòrò ni òwú sányán ti wá, búlíìṣì sì máa ń yọ́ irú òwú bẹ́ẹ̀ dànù pátápátá. Kí wọ́n máa nà án sínú ibòòji kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, kí wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀ kí òógùn má bàa kàn án. Ó tó. Àwọn ará Bùnú nílẹ̀ Okun wa, tó ní aṣọ ìpò pupa, aṣọ ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì, ti àwọn bàbá wọn nílé, mọ ohun tí mò ń wí. Ta ló ń rẹ ìyẹn sómi?

Léèsì olókùúta ni tiwọn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ púpọ̀ nínú òkúta ìsinsìnyí, omi gbígbóná sì máa ń tú gọ́ọ̀mù. Ibi tí òógùn bá wà nìkan ni kí wọ́n fi kànrìnkàn rírọ̀ nù. Ní ti kíkó pamọ́: kí wọ́n yọ ọ̀rá kúrò lára gbogbo wọn, torí ọ̀rá máa ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú, kí wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn, kí káńfọ̀ wà nínú àpótí láìfara kan aṣọ, kí wọ́n má sì ṣẹ́ ojú òwú wúrà po. Kíká bí ẹní ló dáa.

Wọ́n bi mí pé ṣé kò ní dáa kí àwọn máa gbé e lọ sí dírákílínì, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ láìlo omi. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ dírákílínì lóòótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ògiri, omi àti ọṣẹ ni wọ́n ń lò bíi tèmi. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi aṣọ sílẹ̀.

Bí kajú bá sì tún dà sí wọn láyà lọ́dún tó ń bọ̀, omi tútù tí kò ní irin ni kí wọ́n dà sí i lójú ẹsẹ̀, láti ẹ̀yìn, kí wọ́n má fi ọṣẹ líle kàn án, kó tó ní àwọ̀ rárá. Píọ̀ wọ́tà méjì tó wà lórí tábìlì ìnáwó ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ igi.

Òwú tuntun

Bàbá gbé agbádá náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọnà mìíràn ní Kàbà níbí. Ó tú òwú wúrà tó ti jóná kúrò ní etí, ó tú wáìnì tí búlíìṣì jẹ ní ẹ̀gbẹ́ àpò. Ó fẹ́ fi réyọ́ọ̀nù wáìnì mìíràn dí i, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ló bá ti tẹ́lẹ̀ mu jù. Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá fún mi. Mo rẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo wé e mọ́ aṣọ funfun; nígbà tí mo tú u, ó ti ṣí. Oníṣẹ́ ọnà náà wá mú pólísítà wá. Àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti àtijọ́, ó hàn bí ẹ bá sún mọ́ ọn, àmọ́ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lára funfun, nínú omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Pólísítà náà ni wọ́n fi rán an.